Òṣùwọ̀n, Àbùwọ̀n àti Àgbéwọ̀n: Èdè Yorùbá nínú Ìwọ̀n Oúnjẹ fún Kálórì Kíkà

1. Ìfáàrà

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni àwọn ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ àti ògbufọ̀ nílò nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi èdè Yorùbá ṣàlàyé bí a ti ń wọn oúnjẹ fún ẹni tí ó ń ka kálórì nítorí àtidín ìwúwo ara rẹ̀ kù. Kì í ṣe pé èdè wa kò ní ọ̀rọ̀ fún ìwọ̀n; ó ní wọn lọ́pọ̀lọpọ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé inú ọjà ni púpọ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ náà ti wá, ohun tí ọjà sì ń fẹ́ mọ̀ nípa oúnjẹ yàtọ̀ sí ohun tí ẹni tí ó ń ka kálórì ń fẹ́ mọ̀. Ọjà ń fẹ́ mọ̀ bóyá olùtà àti olùrà gbà pé nǹkan náà tó. Ẹni tí ó ń ka kálórì ń fẹ́ mọ iye gíráàmù tí ó wọ inú ikùn. Èrò wa ni pé bí a kò bá fi ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ya ohun tí a bù wọ̀n sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí a gbé lé orí òṣùwọ̀n, ìtọ́ni tí a bá túmọ̀ yóò máa ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà, bí ó ti wù kí gírámà rẹ̀ dára tó.

2. Kálórì

Kálórì jẹ́ ẹyọ ìwọ̀n ooru. Bí a bá mú kí omi gíráàmù 1 gbóná sí i ní dígírì 1 ti Sẹ́ńtígíréèdì, ooru tí a lò ni kálórì 1. Èyí kéré jù fún ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ohun tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ ń pè ní kálórì ni ooru tí yóò ṣe bákan náà fún omi kílógíráàmù 1. Ìlọ́po 1,000 ti àkọ́kọ́ ni, kílókálórì sì ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Àwọn tí ń kọ èdè Gẹ̀ẹ́sì a máa fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan, wọn a sì fi lẹ́tà kékeré bẹ̀rẹ̀ èkejì. Ọgbọ́n yìí kò wúlò fún olùkọ́ tí ń fi ẹnu sọ̀rọ̀, nítorí etí kì í gbọ́ lẹ́tà ńlá. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ìwé ẹ̀kọ́ máa kọ kílókálórì. Nínú ìtọ́ni fún ará ìlú, a lè kọ kálórì, kí a sì sọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ pé kílókálórì ni a ní lọ́kàn.

Iṣẹ́ Wilbur Atwater, onímọ̀ kẹ́míkà ará Amẹ́ríkà tí ó kú ní 1907, ni a ṣì fi ń ṣírò títí di òní. Lójú ìṣirò yìí, gíráàmù 1 purotéènì ń fún ara ní kílókálórì 4. Ti kabọháídíréètì jẹ́ 4, ti ọ̀rá jẹ́ 9. Ìpíndọ́gba ni àwọn iye wọ̀nyí, a ó sì padà sórí èyí.

Ẹni tí ó sọ kálórì kíkà di ohun tí ará ilé ń ṣe ni Lulu Hunt Peters, dókítà obìnrin ní Amẹ́ríkà, tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1918. Ohun tí ó yẹ kí ó mú àwa onímọ̀ èdè dúró wò ó ni pé ọ̀rọ̀ èdè ni ó fi bẹ̀rẹ̀: ó ní kí àwọn òǹkàwé òun yé sọ pé àwọn jẹ ègé búrẹ́dì kan, kí wọ́n máa sọ pé àwọn jẹ búrẹ́dì kálórì 100. Ó mọ̀ pé bí ẹnu bá ti ń ka ègé, ọkàn kò ní ka kálórì. Ìṣòro tiwa jọ tirẹ̀, àyàfi pé kóńgò àti agolo ni ẹnu tiwa ń kà.

3. Kóńgò kò mọ ìwúwo

Ní ọ̀pọ̀ ọjà ilẹ̀ Yorùbá, kóńgò, mùdù àti agolo ni a fi ń ta gàrí, ìrẹsì, ẹ̀wà àti èlùbọ́. Òfin tí ó fi ẹsẹ̀ lítà àti kílógíráàmù múlẹ̀ ní Nàìjíríà ti wà láti 1974, síbẹ̀ agolo kò kúrò lórí àtẹ. Ohun tí kóńgò ń wọ̀n ni àyè tí nǹkan gbà. Kóńgò ẹ̀wà wúwo ju kóńgò gàrí lọ. Gàrí tí a mì títí tí ó fi kì sì wúwo ju èyí tí a rọra dà sínú kóńgò kan náà. Kí a tó wá mẹ́nu kan orí tí a ń gbé lé e, tí ọ̀làwọ́ ń gbé ga tí ahun ń fi ọwọ́ ré, tàbí ìdí kóńgò tí àwọn kan ń lù wọ inú. Ẹni tí ó ń rajà kò ka èyí sí wàhálà: ojú rẹ̀ wà níbẹ̀, ó lè ná an, ó lè bèèrè ènì. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí í bá kálórì ná ọjà.

Ọ̀rọ̀ náà, òṣùwọ̀n, ń ṣe iṣẹ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú èdè ojoojúmọ́. Ó ń dúró fún ohun èlò tí a fi ń wọ̀n, fún ẹyọ tí a fi ń kà, àti fún iye tí a rí. A dábàá pé kí òṣùwọ̀n jẹ́ ti ohun èlò nìkan, ìbáà ṣe kóńgò tàbí èyí tí àwọn tí ń fi kílò ta ẹja dídì ń pè ní sikéèlì. Kí gíráàmù, lítà àti kílókálórì jẹ́ ẹyọ ìwọ̀n. Kí iye tí a rí sì jẹ́ ìwọ̀n.

Lẹ́yìn èyí ni a wá lè pín ìwọ̀n sí ọ̀nà méjì. Èyí tí a fi àwo, síbí tàbí agolo bù, a ó pè é ní àbùwọ̀n. Èyí tí a gbé lé sikéèlì, a ó pè é ní àgbéwọ̀n. Bí a ti ṣẹ̀dá àbùlà àti àgbékọ́ ni a ṣe ṣẹ̀dá àwọn méjèèjì, akẹ́kọ̀ọ́ kò sì nílò àlàyé púpọ̀ kí ó tó mọ ohun tí ọwọ́ yóò ṣe. Ẹlòmíràn lè fẹ́ràn ìwọ̀n àyè àti ìwọ̀n ìwúwo jù. Kò sí àṣìṣe nínú àwọn yẹn, wọ́n sì dára fún kíláàsì físíìsì. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí ó dúró nídìí ààrò, ọ̀rọ̀ tí ó sọ ohun tí ọwọ́ ń ṣe ni ó wúlò jù.

Ẹ jẹ́ kí a fi síbí dán ìyàtọ̀ náà wò. Síbí ńlá tí ìwé ìdáná ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń lò gba mìlílítà 15. Ti Australia gba 20. Bí a bá bu epo pupa kún ti Amẹ́ríkà, yóò wúwo tó nǹkan bí gíráàmù 14, yóò sì ní nǹkan bí kílókálórì 120. Bí a bá bu oyin kún síbí kan náà, yóò wúwo tó gíráàmù 21, ṣùgbọ́n kílókálórì rẹ̀ kò ju nǹkan bí 64 lọ. Àbùwọ̀n wọn dọ́gba, àgbéwọ̀n oyin ju ti epo lọ, kálórì epo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ti oyin. Omi ni ó ń tan ènìyàn jẹ, nítorí mìlílítà 1 rẹ̀ wúwo tó gíráàmù 1. Ògbufọ̀ tí ó bá fi ojú omi wo epo tàbí ìyẹ̀fun yóò ṣìnà. Fún nǹkan líle bí ìyẹ̀fun tàbí ṣúgà, a tún gbọ́dọ̀ sọ bóyá síbí olókìtì ni tàbí síbí atẹ́jú. Ìtọ́ni tí ó bá kàn sọ pé síbí kan kò tíì sọ nǹkan kan.

4. Tútù, àìsè àti sísè

Ibi tí ìtumọ̀ ti ń ṣe ìpalára jù lọ ni ọ̀rọ̀ kékeré yìí, tútù. Iṣu tútù ni èyí tí a kò sè. Ẹja tútù ni èyí tí a kò yan. Aṣọ tútù ni èyí tí omi wà lára rẹ̀. Omi tútù kò gbóná. Kí wá ni ìrẹsì tútù? Ẹnì kan yóò rò pé èyí tí ó wà nínú àpò ni, ẹlòmíràn yóò sì ṣí ìkòkò àná.

Ìrẹsì funfun tí a kò sè ní nǹkan bí kílókálórì 360 nínú gíráàmù 100. Bí a bá sè é, ó ń fa omi mu, ó sì ń wúwo sí i ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta. Omi kò ní kálórì, nítorí náà gíráàmù 100 ìrẹsì tí ó ti jinná kò ní ju nǹkan bí kílókálórì 130 lọ. Ká ní ìtọ́ni kan wí pé kí ènìyàn jẹ ìrẹsì gíráàmù 200, tí ẹni tí ó kọ ọ́ sì ní èyí tí ó ti jinná lọ́kàn: kílókálórì 260 ni. Bí òǹkàwé bá wọn gíráàmù 200 láti inú àpò, tí ó sè é, tí ó sì jẹ ẹ́ tán, ó ti jẹ kílókálórì 720. Ìyàtọ̀ náà jẹ́ 460. Àwọn dókítà a sì máa gba ẹni tí ó fẹ́ dín ìwúwo kù nímọ̀ràn pé kí ó yọ nǹkan bí 500 kúrò nínú oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan tí a kò túmọ̀ dáadáa, lórí àwo kan ṣoṣo, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ gbogbo rẹ̀ tán. Ẹni náà yóò sì gbà pé òun ń ṣe ohun tí wọ́n ní kí òun ṣe.

Nítorí náà, kí a fi tútù sílẹ̀ fún ìyá ọlọ́jà. Nínú iṣẹ́ tiwa, ìrẹsì àìsè àti ìrẹsì sísè ni kí a máa kọ, kí a má sì kọ iye gíráàmù kankan láìfi ọ̀kan nínú méjèèjì tì í. Ẹran sísun ń lọ sí òdì kejì: omi ń jáde lára rẹ̀, ìwúwo rẹ̀ ń dín kù, kálórì inú gíráàmù 100 rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i. Ní ti ẹ̀bà àti àmàlà, ọwọ́ ẹni tí ó rò ó ni ó mọ iye omi tí ó gbà, nítorí náà gàrí àti èlùbọ́ gbígbẹ ni kí a gbé wọ̀n.

Bí gbogbo ilé bá ń jẹ nínú ìkòkò kan ńkọ́? Ká ní a fi ìrẹsì àìsè gíráàmù 500 (kílókálórì 1,800), epo gíráàmù 60 (530), àti tòmátì òun ata tí ó ní kílókálórì 100 se ìrẹsì alátà. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,430. Bí ó bá jinná, a gbé ìkòkò lé sikéèlì, a yọ ìwúwo ìkòkò òfìfo kúrò, ó ku gíráàmù 1,900. Gíráàmù 100 kọ̀ọ̀kan ní kílókálórì 128, ẹni tí ó bá sì bu 350 jẹ nǹkan bí 448. Ìyọkúrò àwo ni a dábàá fún ìgbésẹ̀ ìkẹyìn yìí, ìbáà ṣe ìwé ni a fi yọ ọ́ tàbí bọ́tìnì ara sikéèlì tí ń dá a padà sí òdo. Bákan náà ni eegun, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìkarahun ẹyin: a gbọ́dọ̀ yọ wọ́n kúrò kí a tó kà.

5. Ìpéye àti àìyẹsẹ̀

Àwọn ọ̀rọ̀ méjì yìí ni a sábà máa ń dàpọ̀. Bí a bá gbé ohun tí ó jẹ́ gíráàmù 100 lé sikéèlì nígbà mẹ́ta, tí ó sì fi 112 hàn lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, sikéèlì náà kò yẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò péye. Bí ó bá fi 94, 101 àti 105 hàn, ìpíndọ́gba rẹ̀ péye, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń yẹsẹ̀. Olùkọ́ lè fi omi mìlílítà 500 yẹ sikéèlì ilé wò, lẹ́yìn ìyọkúrò àwo. Bí ó bá jìnnà sí gíráàmù 500, kí ó wá òmíràn.

Síbẹ̀, a kò gbọ́dọ̀ mú kí ìpéye di òrìṣà. Ìpíndọ́gba ni àwọn iye Atwater, irúgbìn ìrẹsì kan kò sì rí bí èkejì. Òfin Amẹ́ríkà pàápàá fi àyè sílẹ̀ kí kálórì tí ó wà nínú oúnjẹ inú páálí fi ìdá 20 nínú 100 ju èyí tí a kọ sí ara páálí lọ. Ẹni tí ó bá kọ kílókálórì 447.6 sílẹ̀ fún àwo ìrẹsì alátà òkè yìí ń fi ìdánilójú tí kò ní hàn, 450 tó.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan nípa ara fúnra rẹ̀. Rù àti jò ni Yorùbá máa ń lò fún ẹni tí ara rẹ̀ dín kù, ṣùgbọ́n àìsàn tàbí ìyà ni etí ń gbọ́ nínú méjèèjì. Bí a bá sọ fún aláìsàn pé a fẹ́ kí ó rù, ó ṣeé ṣe kí ó má padà wá mọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi lo dídín ìwúwo ara kù jálẹ̀ àpilẹ̀kọ yìí, bí ó tilẹ̀ gùn.