Oògùn Tí Wọ́n Ní Kí A Dá Padà

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí a bá sì wo Gbàgádà ní Èkó lónìí, láti Ifákò títí dé Sólúyì, ojúlé kẹ́míìsì ni ọjà tí orí ọmọ tuntun ti ń wọ́ jù lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni ìyá ọlọ́mọ máa ń sáré lọ lóru nígbà tí ara ọmọ bá gbóná, tí ọkàn rẹ̀ kò sì sí lára ohun tí wọ́n kọ sára ìgò.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, NAFDAC, àjọ tí ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, tí Olóògbé Dora Akunyili ń darí nígbà náà, kéde pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fún ọmọ ní My Pikin mọ́, oògùn olómi tí a ń lò fún ọmọ tó ń hu eyín, tí ilé iṣẹ́ Barewa ṣe ní Èkó Àkéte, ilẹ̀ ọgbọ́n. Diethylene glycol, èròjà olóró tí í ba kíndìnrín jẹ́ títí ọmọ kò fi ní lè tọ̀ mọ́, ni ó ti wọ inú rẹ̀. Kí ọ̀ràn náà tó rọlẹ̀, ọmọ 84 ti bá a lọ. Ní ọdún 2013, ilé ẹjọ́ rán òṣìṣẹ́ ibẹ̀ 2 lẹ́wọ̀n ọdún 7, ó sì ní kí ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé irú májèlé yìí kan náà ti pa àwọn ọmọ wa ní Ìbàdàn àti ní Jọ́ọ̀sì lọ́dún 1990, kí NAFDAC tó wà rárá.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ yìí tún ní kí a dá oògùn ikọ́ ọmọdé kan, Benylin, padà nítorí májèlé yìí kan náà; nọ́ńbà ìdì (batch number) rẹ̀ ni 329304. Nọ́ńbà náà ni kókó ọ̀rọ̀, nítorí òun ni ó ń ya ìgò burúkú sọ́tọ̀ kúrò lára ìgò rere tí wọ́n jọ ní orúkọ kan náà. Nítorí náà, ìyá tí ó bá ti ju páálí nù, tí ó da oògùn sínú ìgò mìíràn, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ẹ̀rí rẹ́.

Ní ti ẹni tí ń tajà, mo mọ̀ pé owó èésú lè wà nínú páálí tí wọ́n ní kí ó kó kúrò lórí igbá, àdánù náà kò sì kéré. Síbẹ̀, bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná: ìgò kan ṣoṣo tí ó ṣẹ́ kù tó láti sọ ilé di ilé ọ̀fọ̀. Rísíìtì ni yóò jẹ́ kí ó rí alágbàtà mú, kí owó rẹ̀ lè padà. Ẹni tí ó rajà lọ́wọ́ aláìnílé, aláìlọ́nà, ta ni yóò dá a padà fún?

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo inú kọ́bọ́ọ̀dù yín lálẹ́ òní, ẹ ka nọ́ńbà ara ìgò, ẹ má sì da èyí tí wọ́n bá ti kéde sórí ààtàn tí ọmọ ẹlòmíràn ti lè ṣà á. Ẹ gbé e padà fún ẹni tí ó tà á, tàbí kí ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì NAFDAC.