Bí A Ṣe Lè Sọ Ìtàn Ara Wa àti Ìgbàgbọ́ Wa Láìpurọ́: Ẹ̀kọ́ Látọ̀dọ̀ Àjàyí Crowther

Ẹ̀kọ́ tí ìwé ògiri wa gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ nínú wa. Ó kan ẹni tó fi dáyárì pa mọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, ó kan ẹni tó máa ń gbé ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sórí WhatsApp tàbí Facebook, ó sì kan ẹni tó máa ń dìde jẹ́rìí nínú ìpàdé àdúrà. Ìbéèrè náà rèé: báwo ni Kristẹni ṣe lè sọ ìtàn ayé rẹ̀ ojoojúmọ́, ìwé tó kà, àìsàn tó ṣe é, àdúrà tó gbà, kí gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ òótọ́?

Ẹ má fi ojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí o. Ká ní ọmọ kíláàsì kan kọ ọ́ pé àdúrà nìkan ni òun gbà tí ibà fi fi òun sílẹ̀, tí kò sì sọ̀rọ̀ oògùn tí nọ́ọ̀sì fún un. Ẹlòmíì tí ibà ń dà láàmú lè kà á, kó sì da oògùn tirẹ̀ nù. Ká ní ẹnì kan ń kọ ọ́ lójoojúmọ́ pé ayọ̀ ni òun fi ń jí, nígbà tó jẹ́ pé ẹkún ló ń sun lóru. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà nínú ìṣòro á kà á, á sì rò pé òun nìkan ni ìgbàgbọ́ òun kò tó nǹkan. Ṣé ẹ rí i? Irọ́ tí a fi yin Ọlọ́run lè pa ọmọnìkejì wa lára.

Ta ni a fẹ́ kọ́gbọ́n lára rẹ̀?

Samuel Àjàyí Crowther ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ ọ́n sí ẹni tó kópa ńlá nínú títúmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá, tó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ohun tí a kì í sábà rántí ni pé ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ ìtàn ara rẹ̀ àti ohun tójú rẹ̀ ń rí sílẹ̀.

Òṣóógùn, nítòsí Ìsẹ́yìn, ni wọ́n ti bí i. Ọmọ bí ọdún méjìlá ni nígbà tí ogun kó ìlú wọn ní 1821. Wọ́n ń tà á láti ọwọ́ ẹnì kan dé ọwọ́ ẹlòmíì, títí wọ́n fi gbé e wọ ọkọ̀ àwọn Potogí ní Èkó. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin 1822, Myrmidon, ọkọ̀ ojú omi àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì, gba ọkọ̀ ẹrú náà mú. Sàró ni wọ́n kó wọn lọ. Ibẹ̀ ló ti kọ́ ìwé, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún un ní 1825. Ní 1837, ó kọ lẹ́tà gígùn sí akọ̀wé ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS, ó sì ròyìn bí wọ́n ṣe mú òun lẹ́rú. Lẹ́yìn náà ó kọ ìwé ìrántí ìrìn àjò Odò Ọya ti 1841 àti ti 1854, ó sì máa ń fi ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ìdánwò wà. Àwọn tó rán an níṣẹ́ ni wọ́n ń ka ìwé rẹ̀. Ẹgbẹ́ náà máa ń tẹ díẹ̀ nínú ìròyìn àwọn ajíhìnrere wọn jáde, àwọn ọmọ ìjọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì á kà á, wọ́n á sì dáwó fún iṣẹ́ náà. Ó rọrùn kéèyàn máa kọ kìkì ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́. Àwa náà ń kó sí irú ìdánwò yìí, torí a mọ irú ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn máa ń tẹ like sí, a sì mọ irú ẹ̀rí tí gbogbo ìpàdé máa ń tìtorí ẹ̀ kígbe halelúyà.

Ẹ̀kọ́ kìíní: Ẹ ya ohun tí ẹ rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ẹ rò

Nínú lẹ́tà 1837 yẹn, Crowther sọ ohun kan tó lè pa wá lẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n kó òun àti àwọn ọmọ mìíràn sínú ọkọ̀ Myrmidon, wọ́n rí ẹran tí wọ́n so kọ́, awọ rẹ̀ funfun. Wọ́n tún rí àwọn nǹkan roboto tí wọ́n tò sílẹ̀. Ẹ̀rù bà wọ́n. Wọ́n rò pé ẹran èèyàn ni wọ́n so kọ́, àti pé orí àwọn tí wọ́n pa ni wọ́n tò sílẹ̀! Wọ́n wá sún mọ́ ọn dáadáa. Wọ́n rí pátákò ẹlẹ́dẹ̀ lára ẹran náà. Nílé, iná ni wọ́n fi ń sun irun ara ẹlẹ́dẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi rí èyí tí awọ rẹ̀ funfun báyìí rí. Wọ́n wo àwọn nǹkan roboto náà, irin ni wọ́n: ọta àgbá.

Ó sọ ohun tí ojú rí, ó sọ ohun tí wọ́n rò, ó sì sọ bí wọ́n ṣe wá mọ òótọ́. Bó ṣe yẹ ká máa kọ ọ́ nìyẹn. Bí olùkọ́ kò bá wá sí kíláàsì lọ́jọ́ tí ẹ ò tíì múra ìdánwò sílẹ̀, "olùkọ́ kò wá" ni ohun tí ẹ rí. "Ọlọ́run ló gbà mí" ni ohun tí ẹ gbà gbọ́. Ẹ lè kọ méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ má yọ̀ lé e títí ẹ ó fi mọ̀ bóyá àìsàn ló dá olùkọ́ náà dúró.

Ẹ̀kọ́ kejì: Ẹ má yọ ibi tó dunni kúrò

Crowther kò kọ ìtàn ara rẹ̀ bí ìtàn akọni. Ó sọ bí wọ́n ṣe fi òun ṣe pààrọ̀ ẹṣin, bí wọ́n ṣe fi òun gba tábà àti ọtí. Ó tún sọ ohun tó le ju ìyẹn lọ: pé nígbà tí òun gbọ́ pé wọ́n lè ta òun fún àwọn Potogí, ayé sú òun débi pé òun fẹ́ gba ẹ̀mí ara òun. Sí akọ̀wé ẹgbẹ́ ajíhìnrere ló kọ èyí o! Kò fi bò. Ó ní kí Olúwa dárí rẹ̀ ji òun.

Nígbà tó ń sọ̀rọ̀ ọjọ́ tí wọ́n mú un, ó pè é ní ọjọ́ ìbànújẹ́, ó sì tún ní òun ti wá kọ́ láti pè é ní ọjọ́ ìbùkún ní ọ̀nà mìíràn. Ẹ kíyè sí i pé méjèèjì ló kọ. Ìbùkún náà kò mú kó sọ pé ìbànújẹ́ kò sí.

Ẹ gbọ́ ná: bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá wà nírú ipò yẹn lónìí, tí ayé sú u, kó má ṣe fi mọ sínú dáyárì nìkan. Kó lọ bá òbí, olùkọ́ tó fọkàn tán, tàbí olùgbaninímọ̀ràn ilé ìwé lónìí yìí kan náà. Kì í ṣe àmì pé ìgbàgbọ́ ẹni kò tó.

Ẹ̀kọ́ kẹta: Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, kí ẹ sì dárúkọ oògùn

Ní 1841, ọkọ̀ mẹ́ta wọ Odò Ọya. Ibà pa àwọn òyìnbó inú wọn lọ bẹẹrẹ, ìrìn àjò náà sì forí ṣánpọ́n. Crowther àti ajíhìnrere kan ará Jámánì, J. F. Schön, wà níbẹ̀. Oníkálukú wọn kọ ìwé ìrántí tirẹ̀, wọ́n sì tẹ méjèèjì pọ̀ sínú ìwé kan ṣoṣo ní 1842. Ẹni tó bá ń kọ̀wé nígbà tó mọ̀ pé ẹlòmíì tó wà níbẹ̀ náà ń kọ, á ṣọ́ra fún àbùmọ́, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?

Ní 1854, Crowther tún wọ ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Pleiad. Dókítà William Baikie ló ṣáájú. Ó ní kí àwọn èèyàn rẹ̀ máa lo quinine, oògùn ibà. Nígbà náà, ayé kò tíì mọ̀ pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri. Síbẹ̀, àwọn òyìnbó tó wà nínú ọkọ̀ náà lọ, wọ́n bọ̀, ibà kò pa ìkankan nínú wọn.

Kristẹni tó bá fẹ́ jẹ́rìí ìrìn àjò yìí lè sọ pé Ọlọ́run ló ṣe é. Kò sẹ́ni tó máa bá a jà. Ṣùgbọ́n bó bá yọ quinine kúrò nínú ìtàn náà, ó ti ṣi èèyàn lọ́nà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ọ̀rọ̀ tó sọ ló jẹ́ òótọ́. Ohun kan náà ni ti ìdánwò. Bí ẹ bá yege, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì sọ̀rọ̀ ẹni tó bá yín ka ìwé àti iye alẹ́ tí ẹ fi jókòó ti ìwé.

Ẹ̀kọ́ kẹrin: Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ pé bó ṣe pé

Ní 1846, Crowther dé Abẹ́òkúta láti ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún yẹn, ìyá rẹ̀, Àfàlá, wá rí i. Wọn ò tíì fojú kan ara wọn láti bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Crowther kọ ọ́ pé ìyá òun ń gbọ̀n, pé àwọn di ara àwọn mú, àwọn kò lè sọ̀rọ̀, omijé sì ń dà lójú ìyá náà. Ó ní wọ́n ń fi orúkọ ìkẹ́ tí ìyá àgbà òun máa ń pè òun pe òun.

Ibí gan-an ni òǹkọ̀wé mìíràn ì bá ti fi adùn kún un pé ìyá náà kúnlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó gba Jésù. Crowther kò kọ bẹ́ẹ̀. Oṣù kejì 1848 ni wọ́n tó ṣe ìrìbọmi fún Àfàlá, tí wọ́n sọ ọ́ ní Hánà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan àtààbọ̀ lẹ́yìn ìpàdé yẹn. Bí ohun kan bá gba ọdún méjì nínú ayé wa, ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ alẹ́ ọjọ́ kan.

Ẹ̀kọ́ karùn-ún: Òótọ́ kò ní ká tú àṣírí

Gbogbo ohun tí ojú bá rí kọ́ ni ẹnu ń sọ. Ìtàn ara yín ni ẹ ní àṣẹ láti sọ. Ìjà tó wà láàárín bàbá àti ìyá, àìsàn ọ̀rẹ́, ohun tí ẹlòmíì jẹ́wọ́ nínú àdúrà, ẹ kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Dídákẹ́ kì í ṣe irọ́. Ohun tó jẹ́ irọ́ ni ká fi ohun tí kò ṣẹlẹ̀ dí àyè ohun tí a kò fẹ́ sọ. Bí ọ̀rọ̀ náà bá sì jẹ́ ti ẹni tó wà nínú ewu, ẹ má gbé e sórí fóònù, àgbàlagbà ni kí ẹ lọ sọ ọ́ fún.

Ìbéèrè tí àwọn kan á bi wá

"Tí mo bá kọ iyèméjì mi síta, ṣé kò ní ba ìgbàgbọ́ ẹlòmíì jẹ́?" Ìbéèrè gidi ni. Ẹ ṣí Bíbélì yín kí ẹ wò ó. Ìwé Ìhìnrere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sọ ọ́ pé Pétérù sẹ́ Jésù, bẹ́ẹ̀ àgbà ìjọ ni Pétérù. Nínú ìwé Sáàmù, àwọn kan ń bi Ọlọ́run léèrè pé kí ló dé tí kò dáhùn. Wọn ò yọ wọ́n kúrò nínú ìwé orin. Àwọn tó kó Ìwé Mímọ́ jọ kò bẹ̀rù pé òótọ́ á ba ìgbàgbọ́ jẹ́.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Ẹ ka ọ̀rọ̀ méjì yìí, kí ẹ fi wọ́n wéra:

*Àkọ́kọ́:* "Mi ò kàwé rárá, mo kàn gbàdúrà, mo sì gba A nínú ìṣirò. Ọlọ́run mi tóbi!"

*Èkejì:* "Ìṣirò máa ń bà mí lẹ́rù. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ mi. Mo gbàdúrà kí n tó wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, ọkàn mi sì balẹ̀. B ni mo gbà, A ni mo fẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run àti ẹ̀gbọ́n mi."

1. Èwo nínú méjèèjì ló lè ran ọmọ tí kò mọ ìṣirò lọ́wọ́? Ẹ sọ ìdí.
2. Nínú èyí kejì, èwo ni ohun tí òǹkọ̀wé rí, èwo sì ni ohun tó gbà gbọ́?
3. Ẹ kọ ìpínrọ̀ kan nípa ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ fi ohun kan tó dùn sí i, ohun kan tí kò dùn, àti ẹni kan tó ràn yín lọ́wọ́.

Ẹ ju ìdáhùn yín sínú àpótí Ẹgbẹ́ Oníròyìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀dù yìí kó tó di ọjọ́ Ẹtì. A ó lẹ ìpínrọ̀ mẹ́ta mọ́ ara ògiri lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tí àwọn tó kọ wọ́n bá fún wa láyè.