Bàálù Ogun Kékeré fún Baálé Rẹ

Bí ọjọ́ ìbí baálé rẹ bá ń bọ̀, tí aago ọwọ́ àti lọ́fínńdà sì ti sú ẹ láti máa rà, àbúrò mi, ra bàálù fún un. Bàálù ogun kékeré ni mò ń wí o, èyí tí wọ́n fi irin dà, tí wọ́n sì kùn bíi ti gidi. Má rẹ́rìn-ín. Mo ti rí ọ̀gá kan ní Lẹ́kkí Free Zone níbí, ẹni tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbọ̀n fún, tó ń fi ìka kan yí táyà rẹ̀ wò bí ọmọ ọdún mẹ́fà.

Ṣùgbọ́n má kàn sanwó fún èyí tó bá ṣáà ti ń dán. Wo àmì ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó wà lára rẹ̀. Ibẹ̀ ni adùn rẹ̀ wà. Tèmi ni kó o ra Jaguar. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ló jọ ṣe é, Nàìjíríà náà sì ra 18, tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé ní 1984. Mákúrdì ni wọ́n kó wọn sí. Nígbà tó fi máa di 1991, owó ìtọ́jú ti ju apá lọ, ni wọ́n bá pa wọ́n tì.

Èyí tó ní àmì tiwa lára, àwọ̀ ewé àti funfun, kò wọ́pọ̀ lọ́jà. Tí o kò bá rí i, wá ti 6 Squadron, ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n fi Jaguar fò títí di 2007. Ṣó o mọ ohun tí wọ́n fi ṣe àmì? Ohun ìṣí agolo tó hu ìyẹ́! Àní irú èyí tá a fi ń ṣí tòmátò alágolo. Ní 1942, nínú aṣálẹ̀ Àríwá Áfíríkà, ìbọn ńlá abẹ́ ìyẹ́ bàálù Hurricane ni wọ́n fi ń lu táǹkì àwọn Jámánì já, ni wọ́n fi ń pè wọ́n ní Flying Can Openers. Fi kámẹ́rà fóònù fa àmì náà súnmọ́ra kó o tó sanwó. Tí ọ̀dà rẹ̀ bá ṣàn wọnú ara wọn, fi í sílẹ̀.

Ìwọ̀n 1:72 ti tó. Gígùn rẹ̀ á tó sẹ̀ǹtímítà 23, kò ní gba gbogbo pálọ̀ mọ́ ẹ lọ́wọ́.

Ìtọ́jú gan-an lọ̀rọ̀ wà, nítorí etí òkun là ń gbé. Síńkì ló pọ̀ jù nínú irin tí wọ́n fi dà á. Bí òjé bá kó àbàwọ́n bá a, ọ̀rinrin á mú kó wú, á sì sán láti inú wá. Kò sọ́dà tó lè bò ó. Inú àpótí gíláàsì ni kó o gbé e sí, jìnnà sí fèrèsé àti ẹ̀rọ amúlétutù, kó o sì ju àpò kékeré tó máa ń wà nínú bàtà tuntun sí i, èyí tó ń fa omi. Eruku tírélà tó ń lọ sí èbúté àti ilé-ìfọpo náà ńkọ́? Búrọ́ọ̀ṣì páúdà tí o kì í lò mọ́ ni kó o fi gbọ̀n ọ́n. Kí ọmọ ọ̀dọ̀ má fi àkísà tútù nù ún o! Irin tín-ín-rín tó yọ níwájú imú rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ kán.

Má sọ páálí rẹ̀ nù. Tí ẹ bá fẹ́ tà á lọ́la, owó wà lára páálí náà. Tí baálé rẹ bá sì bi ẹ́ pé ta ló sọ ti 6 Squadron fún ẹ, má dárúkọ mi. Sọ pé o ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.