Bí Ilé Oúnjẹ Ṣe Lè Ṣètò Àkójọ àti Ìpamọ́ Ohun Àtúnlò

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìmọ́tótó ilé oúnjẹ, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ wò ni ìkòkò, abọ́ àti ọwọ́ alásè. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé ni àìsàn sábà máa ń gbà wọlé. Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí bí ilé oúnjẹ tí ó fẹ́ gba ìwé-ẹ̀rí pé òun kì í ba àyíká jẹ́ ṣe lè ṣètò ibi ìkóhun-àtúnlò-sí, kí ibẹ̀ má baà di ilé eku.

Irú ìwé-ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun. Láti ọdún 1990 ni Green Restaurant Association ti wà fún àwọn ilé oúnjẹ ní Amẹ́ríkà. Ìlànà LEED, tí ó jẹ mọ́ ilé kíkọ́, sì béèrè pé kí a ya àyè sọ́tọ̀ fún ìwé, páálí, ìgò, ike àti irin. Lójú tiwa, àyè yẹn ṣe pàtàkì ju ìwé tí a gbé kọ́ sára ògiri lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ilé oúnjẹ kan ní Danmagaji, ní ìlú Zaria, ṣe àpẹẹrẹ. Kí onílé oúnjẹ náà tó ra garawa kankan, kí ó kọ́kọ́ ka pàǹtí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí ó bá ń ta àpò omi mẹ́wàá lójúmọ́, tí àpò kọ̀ọ̀kan sì ní ọ̀rá 20, òfìfo ọ̀rá 200 ni yóò kù nílẹ̀ lálẹ́. Láàárín ọjọ́ méje, ó di 1,400. Bí àwọn tí Hausa ń pè ní ’yan jari bola, tí wọ́n ń ti ọmọláńkẹ́ kiri láti ra àlòkù, bá ń yà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, àyè tí yóò gba 1,400 ni ó yẹ kí ó wà. Ẹni tí kò bá ṣe ìṣirò yìí ni yóò dáná sun ún nígbà tí ó bá kún, èéfín rẹ̀ sì lóró fún ẹ̀dọ̀fóró.

Ìyókù oúnjẹ kò gbọdọ̀ kan páálí, nítorí pé páálí tí ọbẹ̀ bá ti ta sí kò ní olùrà mọ́. Inú garawa tí ó ní ìdérí ni kí ó wà, kí ó sì kúrò nílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Èèpo iṣu lè lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń sin àgbò. Eku ni ìdí rẹ̀. Ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ọdún 1969 ní ìlú Lassa, ní Ìpínlẹ̀ Borno òde òní, máa ń ran ènìyàn nípasẹ̀ oúnjẹ tàbí ohun èlò tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ eku bá ti kàn.

Kí wọ́n fi omi ṣan agolo wàrà àti ti tòmáàtì, kí wọ́n sì dojú rẹ̀ bolẹ̀, nítorí ẹ̀fọn a máa yé sínú omi òjò. Nígbà ọyẹ́, atẹ́gùn ni ọ̀tá: ibi ìpamọ́ tí kò ní òrùlé àti nẹ́ẹ̀tì yóò fi ọ̀rá ránṣẹ́ sí gbogbo àdúgbò. Ilẹ̀ rẹ̀ ní láti jẹ́ sìmẹ́ńtì, kí ó sì jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

Ní Èkó, ilé-iṣẹ́ Wecyclers bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2012 nípa fífi kẹ̀kẹ́ kó ohun àtúnlò lọ́wọ́ àwọn ìdílé, tí wọ́n sì ń gba èrè. Níbi tí irú rẹ̀ kò bá sí, kí onílé oúnjẹ bá olùrà kan ṣàdéhùn ọjọ́ pàtó. Kí òṣìṣẹ́ tí ń ṣa ìgò fífọ́ ní ìbọ̀wọ́ tí ó nípọn, kí ó sì ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tẹ́tánọ́ọ̀sì. Kì í ṣe òun ni kí ó tún padà wá bu oúnjẹ fún oníbàárà láì fi ọṣẹ fọ ọwọ́.