Ọ̀GBÀRÁ ÒJÒ ÀTI Ẹ̀TỌ́ ALÁDÙÚGBÒ

Ẹ̀kọ́ wa lóṣù yìí dá lórí ọ̀gbàrá òjò: bó ṣe ń pọ̀, àti òfin tó lè kápá rẹ̀.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwa olùkọ́ ilé-kéwú wa dáwó jọ, a fi kọnkéré tẹ́ gbogbo àgbàlá wa nítorí ẹrẹ̀. Inú wa dùn. Òjò kejì tó rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni ìyá àgbàlagbà kan, tí ilé rẹ̀ wà nísàlẹ̀ wa, wá bá wa. Ó ní, "Áfà, láti ìgbà tí mo ti ń gbé ibí, omi kò wọ yàrá mi rí. Kí ni mo fi ṣe yín?" Ó kù díẹ̀ kí n dá a lóhùn pé òjò Ọlọ́hun ni. Nígbà tí mo bá a dé ilé, mo rí i pé omi àgbàlá wa ni.

1. BÍ Ọ̀GBÀRÁ ṢE Ń PỌ̀
Ilẹ̀ tí koríko àti igi wà lórí rẹ̀ a máa mu omi. Bí a bá ṣán igbó, tí a kọ́lé, tí a sì fi síméńtì tẹ́ ìyókù, omi kò ríbi wọlẹ̀ mọ́. Yóò ṣàn, yóò yára, yóò sì kó erùpẹ̀ dání. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní òrùlé kan gùn ní mítà 15, ó sì fẹ̀ ní mítà 10. Bí òjò mìlímítà 50 bá rọ̀ sórí rẹ̀, 7,500 lítà omi ni yóò dà sílẹ̀. Ìyẹn jẹ́ kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 25 lọ́nà 300, láti orí ilé kan ṣoṣo! Bí irú ilé bẹ́ẹ̀ 100 bá wà lókè, kẹ́ẹ̀gì 30,000 ló ń bọ̀ wá bá ẹni tó wà nísàlẹ̀.

2. OHUN TÍ OJÚ ÌBÀDÀN RÍ
Ní ọjọ́ Àìkú, 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún bolẹ̀, ẹ̀mí tó lé ní igba sì bá a lọ. Lẹ́yìn náà ni ìjọba fi kọnkéré mọ ẹ̀gbẹ́ odò náà. Ṣùgbọ́n ìlú ń fẹ̀ sí i, ilé ń pọ̀ létí àwọn odò mìíràn. Ní ọjọ́ Jímọ̀, 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, nígbà tí a wà nínú ààwẹ̀ Ràmàdáànì, òjò tó lé ní mìlímítà 180 rọ̀. Ó ju ọgọ́rùn-ún ẹ̀mí tó lọ sí i. Ní ọdún 2014, Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí yíyá wa ní 200 mílíọ̀nù dọ́là nítorí omíyalé Ìbàdàn. Owó ńlá ni. Ṣùgbọ́n afárá àti gọ́tà ńlá kò lè ṣe ju kí wọ́n gba omi tí a bá tú sí wọn. Inú àgbàlá wa ni omi náà ti ń bẹ̀rẹ̀.

3. ÒFIN KÒ JÌNNÀ SÍ WA
Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ka ṣíṣe gọ́tà àti títọ́jú rẹ̀ mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ní 2003, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ wa sọ pé ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni ètò ilé kíkọ́ wà. Ní Amẹ́ríkà, àṣẹ tó jáde ní 1999 mú un dé orí àwọn ìlú kéékèèké pé ẹni tó bá fẹ́ ro ilẹ̀ tó tó éékà kan láti kọ́lé gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, kó sì fi hàn bí yóò ṣe dá omi àti erùpẹ̀ rẹ̀ dúró. Ìjọba ìlú ló ń lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ kíyè sí i: kí a tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ni wọ́n ń béèrè, kì í ṣe lẹ́yìn tí òkú bá ti sùn.

Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Ní Mọdínà, Zubayr àti ọkùnrin Ansari kan jà lórí omi tó ń ṣàn. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) dájọ́ pé kí ẹni tó wà lókè bomi rin oko tirẹ̀, kó sì jẹ́ kí omi kọjá sọ́dọ̀ aládùúgbò rẹ̀. Àìtó omi ni tiwọn, àpọ̀jù ni tiwa. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lókè kò lè ṣe omi bó ṣe wù ú.

4. OHUN TÍ A LÈ ṢE
(a) Ká gbé dúróòmù sábẹ́ ọ̀sọ̀rọ̀. Omi rẹ̀ wúlò fún fífọ aṣọ.
(b) Ká fi koríko sílẹ̀ nínú àgbàlá.
(d) Ká gbẹ́ ihò, ká kó òkúta wẹ́wẹ́ sí i kí omi lè wọlẹ̀, kó jìnnà sí ìpìlẹ̀ ilé, kànga àti sókàwéè.
(e) Ká má kọ́lé sójú ọ̀nà omi, bó ti wù kí ilẹ̀ náà pọ́ọ́kú tó.
(ẹ) Kí ẹ̀ka ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan rán aṣojú sí ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n bẹ̀bẹ̀ pé kí a má fọwọ́ sí pílánù ilé kankan, títí kan ti mọ́sálásí, tí kò bá fi ibi tí omi rẹ̀ yóò gbà hàn.

Ilé ẹni la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àwa náà ti fọ́ apá kan kọnkéré wa, a gbẹ́ ihò, a sì bẹ ìyá náà. Omi kò wọ yàrá rẹ̀ mọ́, àmọ́ bí òjò bá pọ̀ jù, ó ṣì ń dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Iṣẹ́ wa kò tíì parí.

ÌBÉÈRÈ: Níbo ni omi òrùlé ilé yín ń ṣàn lọ? Ta ló ń gbé ibẹ̀?