Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Àfẹ́sọ́nà Mi Kì í Kàwé

Olóòtú, Òkè-Àdó ni mo ń gbé. Ìwé ni ìgbádùn mi, ṣùgbọ́n àfẹ́sọ́nà mi kì í ṣí ìwé wò. Ṣé a lè bára wa kalẹ́?

Ẹ lè bára yín kalẹ́. Ojú ìwé nìkan kọ́ ni ìtàn ń gbà wọ ọkàn. Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ Ó Le Kú, ìtàn ìfẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn, ní 1974. Nígbà tí Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù ní 1997, àwọn tí kò fọwọ́ kan ìwé náà rí ń jiyàn lórí Àjàní, ọ̀dọ́mọkùnrin inú ìtàn náà, àti àwọn ọmọge rẹ̀. Irú àríyànjiyàn yẹn gan-an ni ilé olólùfẹ́ nílò. Ẹ lè ní fíìmù kò tó ìwé. Òótọ́ ni, adùn èdè Ìṣọ̀lá ṣì kù sínú ìwé. Nítorí náà, ẹ máa kà á sókè fún un, díẹ̀díẹ̀ lálaalẹ́. Àmọ́ bí ó bá ń fi ìwé yín ṣẹ̀sín, tàbí tí ẹ̀yin ń fojú òpè wò ó, ẹ jọ yanjú ìyẹn kí ẹ tó dá ọjọ́ ìgbéyàwó.