Bí A Ṣe Ń Wo Kánífà Oníbòjú ní Venice

Kàlẹ́ńdà ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí, kí ẹ tó wo owó bàálù. Kánífà Venice kò ní déètì tó dúró sójú kan, nítorí Ààwẹ̀ Lẹ́ńtì ló ń darí rẹ̀: ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú Ọjọ́rú Eléérú ló máa ń parí. Lọ́dún 2027, ọjọ́ 9 oṣù Kejì ni. Lọ́dún 2028, ó di ọjọ́ 29 oṣù Kejì. Ẹ ka nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì padà sẹ́yìn láti ibẹ̀, ẹ ti mọ ìgbà tí ìlú ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Láti Ọjọ́bọ̀ tó gbẹ̀yìn, tí wọ́n ń pè ní Giovedì Grasso, títí di Ìṣẹ́gun ìparí, Martedì Grasso, èrò á pọ̀ débi pé ẹ ò ní lè na apá. Tó bá jẹ́ èmi lẹ bi, ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́rú tó ṣáájú Ọjọ́bọ̀ yẹn ni kí ẹ lọ. Àwọn oníbòjú ti wà níta nígbà yẹn, ibi tí ẹ máa fẹsẹ̀ lé náà sì ṣì wà.

Ẹni tó ti dúró wo kánífà Fàǹtí rí ní Láfíàjí l'Ékòó ti mọ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn Àgùdà tó padà dé láti Brazil ló gbé ìyẹn wọ Èkó, orísun kan náà ni òun àti ti Venice sì ti ṣàn wá: kí àwọn ọmọ Ìjọ Kátólíìkì jẹ, kí wọ́n mu, kí wọ́n ṣe fáàjì tẹ́rùn kí ààwẹ̀ tó wọlé.

Déètì ti dájú, ó kan físà. Páàsìpọ́ọ̀tù Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní físà Schengen kó tó wọ Ítálì, kódà bí London lẹ ń gbé. Ìwé ìgbélùú Gẹ̀ẹ́sì kò yọ yín nínú ìyẹn. Ẹni tó ní páàsìpọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì lè lo 90 ọjọ́ láìgba físà. Wọ́n ń gba ìwé láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò, nítorí náà kò sídìí láti máa sáré nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìwé adójútòfò ìlera tí kò dín ní 30,000 yúrò pọn dandan, páàsìpọ́ọ̀tù náà sì gbọ́dọ̀ ṣì ní oṣù mẹ́ta ó kéré tán lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ máa kúrò lọ́hùn-ún.

Ilé tí ẹ máa sùn ni yóò gba owó yín jù, nítorí ọ̀fẹ́ ni kánífà fúnra rẹ̀. Ìta gbangba ni wọ́n ti ń ṣe é. Mestre, tó wà lórí ilẹ̀, kò wọ́n tó àárín omi, rélùwéè sì ń gbé èèyàn láti ibẹ̀ dé ibùdókọ̀ Santa Lucia ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Síbẹ̀, bí agbára bá ká a, ẹ sùn sáàárín omi gan-an, bó tiẹ̀ jẹ́ òru méjì péré. Kùtùkùtù ni ìran tó dára jù, ẹni tó sùn sí Mestre kì í sì í fẹ́ẹ́ jí débẹ̀. Ẹ wá ilé sí agbègbè Cannaregio tàbí ìhà ìlà-oòrùn agbègbè Castello, kí ẹ fi agbègbè San Marco sílẹ̀ fún àwọn olówó. Owó-orí kékeré kan wà lórí òru kọ̀ọ̀kan. Ní ti owó ìwọ̀lú tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbà lọ́wọ́ àlejò tí kò sùn níbẹ̀ lọ́dún 2024, láti oṣù Kẹrin lọ sókè ni wọ́n fi í sí, kò kan àsìkò kánífà. Ẹ ṣáà yẹ ojú-ewé ìjọba ìlú náà wò kí ẹ tó gbéra, nítorí òfin a máa yí padà.

Ẹrù yín wàyí. Bọ́ọ̀sì láti pápákọ̀ òfurufú Marco Polo ń parí sí Piazzale Roma, ibẹ̀ náà sì ni títì ọkọ̀ parí sí. Láti ibẹ̀ lọ, kò sí takisí onítáyà, kò sí ọ̀kadà, kò sí kẹ̀kẹ́. Erékùṣù kéékèèké tó lé ní 100 ni ìlú náà, afárá tó lé ní 400 ló so wọ́n pọ̀, àtẹ̀gùn ló sì wà lórí èyí tó pọ̀ jù. Báàgì ńlá onítáyà tí ń yọ̀ geerege ní pápákọ̀ yóò di ẹrù orí lórí afárá kẹta. Báàgì kan tí ẹ lè fi ọwọ́ kan gbé ni kí ẹ mú dání.

Ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé èrò ibẹ̀ ni vaporetto. Tíkẹ́ẹ̀tì ẹyọ kan jẹ́ yúrò 9.50 fún ìṣẹ́jú 75, èyí tó wọ́n. Ti ọjọ́ kan gbáko jẹ́ 25, ti ọjọ́ mẹ́ta jẹ́ 45. Bí ẹ bá máa wọkọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lóòjọ́, ẹ ra ti ọjọ́ gbáko. Ẹ fi í kan ẹ̀rọ tó wà níwájú èbúté kí ẹ tó wọkọ̀, torí àwọn ayẹ̀wéwò kì í gba àlàyé. Nọ́ńbà 1 ni kí ẹ wọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́: ó ń rọra lọ jálẹ̀ Grand Canal, ọ̀nà omi ńlá inú ìlú, ó ń yà ní gbogbo èbúté, ẹ ó sì rí àwọn ààfin àtijọ́ ní ọ̀tún lósì láìsan kọ́bọ̀ lé e. Ti gọ́ńdólà yàtọ̀. Iye tí ìjọba fi lé e jẹ́ yúrò 90 fún ìdajì wákàtí lójú ọ̀sán, 110 lálẹ́. Gbogbo ọkọ̀ ló ni owó yẹn, kì í ṣe orí kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹ wá èèyàn tí ẹ jọ máa dá a. Ẹni tó kàn fẹ́ mọ bó ṣe ń rí lè wọ traghetto, gọ́ńdólà èrò tó ń gbé èèyàn sọdá Grand Canal sí òdìkejì, ní yúrò méjì.

Ẹ ó sọ nù, ẹ má wulẹ̀ bẹ̀rù ẹ̀. Agbègbè mẹ́fà ni ìlú pín sí, agbègbè sì ni wọ́n fi ń ka nọ́ńbà ilé, kì í ṣe òpópónà; ilé tí nọ́ńbà rẹ̀ lé ní 3,000 kì í ṣe nǹkan ìyanu. Ẹ béèrè lọ́wọ́ onílé orúkọ gbàgede tó sún mọ́ ọn jù àti èbúté ibẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Àmì aláwọ̀ ìyeyè tó wà lára ògiri yóò máa tọ́ka yín sí afárá Rialto, gbàgede San Marco tàbí Ferrovia, ìyẹn ibùdókọ̀ rélùwéè.

Òtútù oṣù Kejì níbẹ̀ a máa wọ egungun, nítorí omi ló yí ìlú ká, kùrukùru sì lè bo gbogbo ẹ̀ títí di ọ̀sán. Bàtà tí omi kì í wọ̀ ni kí ẹ wọ̀. Bí ọ̀sà bá kún, fèrè á dún, wọn a to pátákó gíga kí èèyàn máa rìn lórí ẹ̀. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2020 ni ìdènà MOSE ti ń dá omi òkun dúró lẹ́nu ọ̀sà, ó sì ti dín wàhálà náà kù gan-an; ṣùgbọ́n San Marco rẹlẹ̀, kì í pẹ́ tutù.

Ìbòjú wá kàn. Èmi ò gbà kí èèyàn lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ojú lásán. Láyé ìjọba Venice àtijọ́, ìbòjú ni ọlọ́lá àti mẹ̀kúnnù fi ń jókòó sídìí tẹ́tẹ́ kan náà láìsí ẹni tó mọ ẹni. Napoleon gba ìlú náà lọ́dún 1797, àríyá náà sì rọlẹ̀. Ọdún 1979 ni wọ́n tó jí i dìde bó ṣe wà lónìí. Bauta ni àgbà nínú àwọn ìbòjú: funfun, ìsàlẹ̀ rẹ̀ yọ síwájú bí imú ọkọ̀, tí onítọ̀hún fi lè jẹun, kó mu, kí ohùn rẹ̀ sì yí padà láìṣí ojú. Wọ́n máa ń wọ̀ ọ́ pẹ̀lú fìlà oníwo mẹ́ta àti agbádá dúdú tí wọ́n ń pè ní tabarro. Moretta jẹ́ tobìnrin, dúdú roboto, kò ní okùn rárá: bọ́tìnnì kan wà nínú rẹ̀ tí obìnrin náà ń fi eyín dì mú, nítorí náà kò lè sọ̀rọ̀ àfi tó bá ṣí i. Elẹ́nu gígùn bí ẹyẹ ni ìbòjú dókítà àjàkálẹ̀ àrùn. Aṣọ iṣẹ́ gidi ni tẹ́lẹ̀, ewéko olóòórùn ni wọ́n ń kó sínú ẹnu gígùn yẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ yí ìbòjú náà padà, kí ẹ wo inú rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi bébà àti àtè ṣe, tí wọ́n ń pè ní cartapesta, ẹ ó rí bí bébà ṣe gorí ara wọn, ẹ ó sì rí ojú ìfà búrọ́ọ̀ṣì. Rọ́bà a máa dán, inú àti ìta rẹ̀ bára mu, ihò ojú rẹ̀ a sì mú bí abẹ. Iye owó méjèèjì ò dọ́gba rárá. Ẹ gbé e wọ̀ níwájú dígí kí ẹ tó sanwó: ṣé ẹ rí ẹsẹ̀ yín? Ọ̀pọ̀ ìbòjú kì í jẹ́ kéèyàn rí àtẹ̀gùn. Ẹni tó ń lo awò ojú, colombina tó bo ìdajì ojú, tó ní igi ìdìmú, ló máa bá a lára mu. Yíyá odidi aṣọ ìgbàanì lè tó ọgọ́rùn-ún yúrò mélòó kan lójúmọ́. Ìbòjú gidi kan àti tabarro ti tó.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹ ti wà létí omi San Marco kí aago méje tó lù. Níbi tí wọ́n so àwọn gọ́ńdólà mọ́, tí ilé ìjọsìn San Giorgio Maggiore wà lódìkejì, ibẹ̀ ni àwọn oníbòjú ń pé sí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wá láti Faransé àti Jámánì, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n sì fi rán aṣọ náà. Wọn kì í sọ̀rọ̀. Orí ni wọ́n ń tẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n ń jù. Ẹ gbé kámẹ́rà sókè díẹ̀ kí wọ́n rí i, wọn á dúró fún yín. Ẹ má fọwọ́ kan aṣọ, ẹ má dúró síwájú ẹni tó ti ń tò síbẹ̀, kí ẹ sì tẹríba dúpẹ́ tí ẹ bá ti yà á tán. Kì í ṣe eégún o: kò sí èèwọ̀ fóbìnrin, kò sí pàṣán, kò sí ará ọ̀run kankan nínú ẹ̀. Ẹni tó bá gbé àwo owó sílẹ̀ níwájú ń ṣiṣẹ́ ni. Owó díẹ̀ tọ́ sí i tí ẹ bá ya fọ́tò rẹ̀.

Tó bá di agogo mẹ́wàá, ẹ kúrò ní San Marco. Ẹ gba agbègbè Dorsoduro lọ sí gbàgede Campo Santa Margherita, níbi táwọn ọmọdé ti ń ju bébà wẹ́wẹ́ aláràbarà lura wọn. Ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ máa rìn, ẹ má dúró ya fọ́tò lórí afárá, kí ẹ sì gbé pọ́ọ̀sì síwájú àyà, nítorí àwọn jáwójáwó náà mọ̀ pé kánífà dé.

Oúnjẹ àsìkò yẹn ni frittelle, èyí tó jọ pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù wa bí ìbejì, àfi pé èso àjàrà gbígbẹ wà nínú rẹ̀, wọ́n sì lè fi kírímù kún un. Ẹ ra ti ilé búrẹ́dì àdúgbò, kì í ṣe ti ẹ̀bá Rialto. Kọfí tí ẹ dúró mu níwájú káńtà kò wọ́n. Èyí tí ẹ jókòó mu nínú gbàgede San Marco lè ní owó orin lórí. Ẹ má jókòó sórí àtẹ̀gùn San Marco jẹun, ẹ má sì fún ẹyẹlé lóńjẹ: owó ìtanràn ni méjèèjì.

Bó bá ku ọ̀la kí ẹ padà, ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ di inú ìbòjú náà pinpin kó má baà tẹ̀, ẹ wé e sínú aṣọ òtútù, inú báàgì tí ẹ máa gbé wọ bàálù ni kí ẹ fi sí. Elẹ́nu gígùn nìkan ló ń fúnni níṣòro. Ẹ sọ fún ẹni tó tà á fún yín kó fún yín ní páálí.